ÌRÒYÌN KÒ TÓ ÀFOJÚBÀ: Ìtàn Fíìmù Dọkumẹ́ńtárì ní Nàìjíríà àti Ohun tí Àwa Yorùbá Jọ́ọ̀sì Ń Retí

Lójú ewé yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí a kì í sábà kà mọ́ ìtàn, bẹ́ẹ̀ ìtàn gan-an ni. Ohun náà ni fíìmù tí ó ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ hàn wá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní dọkumẹ́ńtárì.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Fíìmù tí a ń wò jù nínú ilé wa, eré ni. Ẹnìkan jókòó, ó ro ìtàn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn òṣèré sì ṣe é. Kò burú, a ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, a sì ń rí ẹ̀rín rín. Dọkumẹ́ńtárì yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni yóò jókòó síwájú kámẹ́rà tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ó bá sunkún, ẹkún tòótọ́ ni. Bí ilé kan bá jóná níbẹ̀, ilé ẹnìkan ni.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún irú fíìmù báyìí ní Èkó. iREP ni orúkọ rẹ̀. Àwa kan nínú ẹgbẹ́ ti ń fojú sọ́nà fún èyí tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan gbọ́, wọ́n sì béèrè pé kí ni ti Èkó ṣe kan àwa tí a wà lókè Jọ́ọ̀sì níhìn-ín. Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn wa ni pé Èkó ni sinimá ti kọ́kọ́ ṣí ojú ní orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n ìlú Jọ́ọ̀sì tí a ń gbé yìí ni ìjọba fi ṣe ilé fún un. Ìdí kejì ni pé ìtàn tiwa fúnra wa ń lọ bí ẹ̀fúùfù, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa dì í mú bí àwa kò bá dì í mú.

BÍ SINIMÁ ṢE DÉ ILẸ̀ WA

Oṣù Ògún ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní gbangba ní ilẹ̀ wa, ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ kan láti Spéìn tí ń jẹ́ Balboa ló gbé ẹ̀rọ náà wá. Àwọn òpìtàn sọ pé Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ló ṣe ọ̀nà bí wọ́n ṣe wá. Fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn, kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, kò sì gùn. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí ń rìn lórí omi wà lára ohun tí wọ́n rí.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Irú fíìmù tí àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ohun tó wà láyé, tó ń mira, ni wọ́n fi hàn wọ́n. Ní ọdún 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní rin ìrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ọba Edward Keje sì gbà á lálejò. Wọ́n ya fíìmù ìrìn àjò náà, wọ́n sì gbé e padà wá fi han àwọn ènìyàn ní Èkó. Ẹ wo irú ìran bẹ́ẹ̀: àwọn Ẹ̀gbá tó fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ wá jẹun l'Ékòó jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n sì rí ọba tiwọn tí ń rìn lára aṣọ funfun! Ṣé a wá rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Yorùbá ti wà nínú ọ̀rọ̀ dọkumẹ́ńtárì? Láti ìbẹ̀rẹ̀ náà sì ni ẹlòmíràn ti ń di kámẹ́rà mú fún wa.

KÁMẸ́RÀ LỌ́WỌ́ ÒYÌNBÓ

Kò pẹ́ tí kámẹ́rà fi gun òkè wá bá wa. Ní ọdún 1926, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Geoffrey Barkas wá sí orí òkè Plateau yìí láti ya fíìmù kan tí wọ́n pè ní Palaver. Eré ni fíìmù yìí, ó dá lórí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti òyìnbó mìíràn tí ń wa tánganran, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú gan-an ni wọ́n fi ṣe é, àwọn Sura àti àwọn Angas, tí a mọ̀ sí Mwaghavul àti Ngas lóde òní. Ẹni tó bá wo fíìmù náà lónìí kò ní ka ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó inú rẹ̀ sí mọ́. Ojú àwọn ènìyàn, ilé wọn, aṣọ wọn àti ijó wọn ni yóò máa wò. Ọmọ Plateau tó bá fẹ́ rí bí ayé baba ńlá rẹ̀ ṣe rí ní ọdún 1926 ní ibi tí yóò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ète tiwọn ni àwọn òyìnbó fi yà á.

Ní Èkó, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn láti ọdún 1924. Òṣìṣẹ́ ìlera kan tí ń jẹ́ William Sellers bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán àti fíìmù kọ́ àwọn ará ìlú bí wọn yóò ṣe lé eku jáde kúrò nílé. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1939, Sellers ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Mọ́tò tó gbé ẹ̀rọ, aṣọ funfun àti jẹnẹrétọ̀ yóò wọ abúlé lọ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú yóò sì jáde. Àwọn aládùúgbò wa Hausa ń pè é ní májìgí. Bí a ṣe ń fọ ọwọ́, bí a ṣe ń gbin kòkó, bí a ṣe ń sá fún ìgbóná, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi hàn. Nígbà ogun Hitila, wọ́n fi ogun náà hàn pẹ̀lú.

Ohun tí ó dun ni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èrò tí Sellers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nípa wa. Wọ́n gbà pé ọpọlọ àwọn ará abúlé Áfíríkà kò lè yára tẹ̀lé fíìmù bí ti òyìnbó, nítorí náà kí wọ́n máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí àwòrán má yí padà kíákíá. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n sọ èyí nípa wọn ni wọ́n ń jókòó wo eégún aláré láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, tí eégún kan náà yóò yí padà di ère, di òyìnbó, di ìnàkí níwájú wọn, tí kò sì sí ẹni tó ṣì í mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹni ni yóò sọ pé ẹni kò ní ọgbọ́n.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi aṣọ dànù pẹ̀lú aṣọ. Ní ọdún 1949, wọ́n ya Daybreak in Udi, tí ó sọ bí àwọn ará abúlé kan ní agbègbè Udi, ní ilẹ̀ Ígbò, ṣe fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Fíìmù náà gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ti dọkumẹ́ńtárì ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Nàìjíríà ló ṣiṣẹ́ inú rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló gbé òkúta, ọmọ Nàìjíríà ló kọ́ ilé, ṣùgbọ́n òyìnbó tó darí fíìmù náà, Terry Bishop, àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ayé mọ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ka fíìmù náà.

KÁMẸ́RÀ BỌ́ SÍ ỌWỌ́ ỌMỌ ONÍLẸ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ìyẹn nínú ìwé. Ohun tí wọn kò sábà mọ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n yìí di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ayàwòrán. Níbẹ̀ ni Túndé Kèlání, tí gbogbo wa mọ̀ nídìí fíìmù Yorùbá, ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tí a fẹ́ kí àwọn òbí inú ẹgbẹ́ wa fi ojú sí jù ni Ọlá Balógun. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ìlú Aba ní ilẹ̀ Ígbò ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1945. Ẹ ò rí i pé ọmọ àjò bí tiwa ni? Ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paríì, nígbà tí ó sì padà dé, dọkumẹ́ńtárì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1969, tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà, ó ṣe One Nigeria. Ní ọdún 1973, lẹ́yìn tí ogun parí, ó padà lọ sí apá ìlà-oòrùn ibi tí wọ́n bí i sí, ó sì ṣe Eastern Nigeria Revisited. Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló tún ya fíìmù lórí eégún àwọn Nupe. Ìgbà tí ó di ọdún 1976 ni ó tó ṣe Àjàní Ògún, fíìmù eré àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí Dúró Ládipọ̀ àti Adé Fọláyan kópa nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìrìn rẹ̀ ni pé ọmọ tí a bí sí àjò kì í ṣe ọmọ tó sọnù. Ojú méjì ló fi ń wo ayé: ojú ilé àti ojú àjò. Ẹni tó dàgbà láàrin Ígbò ló mọ ohun tí yóò béèrè nígbà tí ó padà lọ bá wọn lẹ́yìn ogun. Àwọn ọmọ wa tó ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n ń sọ Hausa lọ́jà, tí wọ́n sì ń bá ọmọ Berom ṣeré lẹ́yìn ilé ìwé, ojú méjì bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní. Ìṣúra ni, kì í ṣe àbùkù.

JỌ́Ọ̀SÌ, ILÉ FÍÌMÙ

Ó ṣe é ṣe kí ẹnìkan máa gbé Jọ́ọ̀sì fún ogójì ọdún kí ó má mọ ohun tó wà nínú ìlú rẹ̀. Òfin ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ fi dá ilé-iṣẹ́ fíìmù orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi ṣe olú ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1995, ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba, National Film Institute, bẹ̀rẹ̀ níbí. Níbí náà ni ilé ìpamọ́ fíìmù, fídíò àti ohùn ti orílẹ̀-èdè wà. Ọmọ láti Èkó, láti Calabar, láti Sókótó, yóò kó ẹrù rẹ̀ wá sí Jọ́ọ̀sì láti wá kọ́ bí a ṣe ń di kámẹ́rà mú, nígbà tí ọmọ tiwa ń wá ọ̀nà tí yóò fi kúrò ní Jọ́ọ̀sì.

Ìpamọ́ fíìmù kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Fíìmù àtijọ́ kì í fẹ́ ooru, kì í sì í fẹ́ ọ̀rinrin. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, òórùn bí i ti ọtí kíkan ni yóò máa jáde nínú agolo rẹ̀, yóò súnkì, yóò le, kò sì ní í ṣe é tò mọ́ ẹ̀rọ mọ́. Èyí tó bá wà ní agolo kan ń kó ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òtútù orí òkè wa yìí jẹ́ ọ̀rẹ́ fíìmù ju ooru ẹ̀bá òkun lọ.

Ní ọdún 2016, iṣẹ́ ribiribi kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìpamọ́ náà. Wọ́n rí fíìmù Shaihu Umar níbẹ̀, èyí tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976 láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Àwọn ènìyàn ti rò pé fíìmù náà ti ṣègbé. Wọ́n bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù ńlá ti Berlin ní ọdún 2018. Eré ni Shaihu Umar, kì í ṣe dọkumẹ́ńtárì, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ wa kan gbogbo fíìmù: ohun tí a bá tọ́jú ni a lè rí. Láti ìgbà náà, Yunifásítì Jọ́ọ̀sì àti Yunifásítì Goethe ti ìlú Frankfurt ti jọ dá ẹ̀kọ́ gíga lórí ìpamọ́ fíìmù sílẹ̀. Ìlú wa yìí náà ni.

ÀJỌ̀DÚN TÍ À Ń RETÍ

Ẹ jẹ́ kí á wá dé orí iREP tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2010 ni Fẹ́mi Ọdúgbẹ̀mí, tó jẹ́ olùdarí fíìmù, pẹ̀lú Jahman Aníkúlápó, tó jẹ́ oníròyìn, àti Makin Ṣóyinká dá a sílẹ̀. Àjọ̀dún àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 2011. Àkòrí tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un ni pé kí Áfíríkà máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé kí á dẹ́kun dídúró de ẹni tí yóò ti ìlú òyìnbó wá sọ fún wa bí a ṣe rí.

Ibi tí wọ́n sábà ń ṣe é ni Freedom Park ní Broad Street, l'Ékòó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ayàwòrán ilé Theo Lawson tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbádùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010. Ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí kan náà ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ láyé ìjọba amúnisìn. Ẹ ò rí bí ayé ṣe ń yí! Ọkùnrin tí ìtàn so mọ́ sinimá àkọ́kọ́ l'Ékòó, ibi tí wọ́n tì í mọ́ ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí wo fíìmù òtítọ́.

Kí ni a ń rí nínú irú fíìmù wọ̀nyí? Fẹ́mi Ọdúgbẹ̀mí ṣe Bariga Boy ní ọdún 2009. Ó tẹ̀lé Ṣẹ́gun Adéfilà, aṣáájú àwọn oníjó àti òṣèré Crown Troupe, láàrin àdúgbò Bàrígà tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù, ó sì fi hàn pé ibẹ̀ náà ní iṣẹ́ ọnà. Ní ọdún 2015, Rẹ̀mí Vaughan-Richards parí Fàájì Àgbà, lórí àwọn arúgbó olórin tí wọ́n ti lò ayé wọn nídìí jùjú, highlife àti àgídìgbo, tí wọ́n sì tún padà kó ara wọn jọ. Fàtáì Rolling Dollar wà lára wọn. Nígbà tí fíìmù náà fi jáde, Bàbá Fàtáì ti kú, ní ọdún 2013. Bí kì í bá ṣe pé kámẹ́rà ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ni à bá rí lónìí?

Ti apá òkè Ọya níhìn-ín náà wà. Ní ọdún 2006, The Imam and the Pastor jáde, lórí Imáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye ti Kàdúná. Àwọn méjèèjì ti bá ara wọn jà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn wọn. Pásítọ̀ pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀, Imáàmù pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ di alálàáfíà, tí wọ́n jọ ń lọ káàkiri. Àwa tí a wà ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún 2001 kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ fíìmù yẹn fún wa. Joel Kachi Benson sì ṣe Daughters of Chibok lórí àwọn ìyá tí wọ́n jí ọmọ wọn gbé ní ọdún 2014. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ní Venice ní ọdún 2019. Fíìmù Madu tí òun àti Matthew Ogens ṣe, lórí ọmọkùnrin kan láti Àjáńgbádì tó lọ kọ́ ijó ballet ní ìlú òyìnbó, gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ní ọdún 2025.

Ohun tí à ń retí nínú àjọ̀dún tó ń bọ̀ nìyẹn: kí á rí ojú ènìyàn bí tiwa, kí á gbọ́ wọn láti ẹnu ara wọn, kí á sì kọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

ÌTÀN TIWA DÀ?

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè: fíìmù àwa Yorùbá orí òkè yìí ńkọ́?

Tánganran ló pe àwọn baba wa wá. Ní ọdún 1914, ojú irin kékeré láti Saria ti dé Bukuru. Ní ọdún 1927, ojú irin ńlá wọ Jọ́ọ̀sì. Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, káfíńtà, oníṣòwò aṣọ àti alátẹ ni wọ́n. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀, àwọn ará Ọ̀fà àti Ìlọrin kò gbẹ́yìn. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sílẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀. Ní ọdún 1967, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Leonard Plotnicov, tẹ ìwé jáde lórí àwọn àlejò ìlú Jọ́ọ̀sì, ó sì kọ nípa Yorùbá nínú rẹ̀. Ìwé wà. Fíìmù ni a kò tíì rí.

Ní oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ìdílé kan kò jìnnà sí wa tí kò ní ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀. Ní ọdún 1985, wọ́n ṣí ọjà ńlá Terminus ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára àwọn ọjà tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ìyá wa ní ìsọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2001, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2002, iná jó ọjà náà. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ di eérú. Àwọn kan ṣí lọ, àwọn kan kú pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ọmọ wa tí a bí níbí, tí a bí baba rẹ̀ níbí, bí ó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí kí ó gba iṣẹ́, wọn yóò ní kí ó lọ mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Níbí, wọn yóò ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọn a ní ará òkè Ọya ni, wọn a tún máa fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ohun tí yóò fi ọwọ́ bà. A kò sọ pé fíìmù yóò sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di tiwa. Onílẹ̀ ní ilẹ̀, a sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó bá lè fi ojú àti ohùn baba ńlá rẹ̀ hàn, tí ó lè fi hàn bí ó ṣe wá, ohun tí ó ṣe àti ẹni tí ó bá gbé, kì í dúró bí ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á ṢE

Èkínní, ẹ wo abẹ́ ibùsùn. Láàrin ọdún 1985 sí 2005, kò sí òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó tí a kò pe oní-fídíò sí. Ẹni tó ń náwó ni oní-fídíò sábà máa ń dojú kámẹ́rà kọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn onínàáwó ni ìtàn wà: ojú pópó ìgbà náà, bàbá àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aládùúgbò Berom àti Hausa tó wá bá wa ṣe ayẹyẹ. Kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ti ń hu, ẹ̀rọ tí a fi ń wò wọ́n sì ti ń tán lọ. Oṣù Agẹmọ ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ tó kù tí ń ṣe ẹ̀rọ náà ní Japan, Funai, dáwọ́ dúró. Bí a kò bá tètè gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, ike lásán ni yóò kù lọ́wọ́ wa.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí á bá àwọn àgbà wa sọ̀rọ̀. Kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí á máa bọ̀ wálẹ̀. Fóònù tí ọmọ wa fi ń ya ara rẹ̀ tó. Kí ó di fóònù náà mú ní ìbú, kí ó pa jẹnẹrétọ̀, kí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé máa tàn sí ojú àgbà náà. Kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Kí ó wá béèrè: Ọdún wo lẹ dé? Ọkọ̀ wo lẹ wọ̀, èló lẹ san? Ilé ta ni ẹ kọ́kọ́ sùn sí? Kí ni ẹ kọ́kọ́ tà? Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́, kí ó máa gbọ́. Kí àgbà náà sọ èdè ilé rẹ̀, ìbáà lọ́ Hausa mọ́ ọn. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí á tọ́jú sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe é láwa nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ fíìmù tó wà nínú ìlú yìí ń wá ìtàn tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣeyọrí. Kí ẹgbẹ́ wa kọ ìwé sí wọn. Kí á sì pe àwọn aládùúgbò wa, Berom, Afizere, Anaguta, Hausa, Ígbò, kí wọ́n sọ ojú tí wọ́n fi rí wa pẹ̀lú. Fíìmù tí àwa nìkan bá ti sọ̀rọ̀ yóò dà bí oríkì, kò ní dà bí ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ fi àkókò kan sílẹ̀ nínú ayẹyẹ ọdún wa fún wíwo dọkumẹ́ńtárì. Lẹ́yìn tí a bá ti jẹ, tí a ti mu, kí á tan ẹ̀rọ fún wákàtí kan péré. Kí àwọn ọmọ wo Fàájì Àgbà. Kí wọ́n wo The Imam and the Pastor. Kí á jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí àyè bá sì wà, kí á rán ọ̀dọ́ méjì lọ sí Èkó ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí wọ́n lọ wò, kí wọ́n lọ kọ́, kí wọ́n wá ròyìn fún wa.

Ọdún 1904 ni àwọn Ẹ̀gbá rí ọba wọn nínú fíìmù tí ẹlòmíràn yà. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún báyìí. Ohun tí à ń retí kì í ṣe kí ẹnìkan tún wá ya tiwa. Kámẹ́rà ti wà nínú àpò gbogbo ọmọ wa. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ni kò pọ̀ mọ́, ọdọọdún ni orúkọ wọn sì ń wọ ojú ewé àwọn olóògbé nínú ìwé yìí.

Kí Ọlọ́run dá àwọn tó kù sí fún wa. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí á fi àjò gbàgbé ilé, kí ó má sì jẹ̀ẹ́ kí àjò gbàgbé wa. Ọdún á yabo, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Àṣẹ.